Pópó Àgùdà: Ilé Àwọn Tí Òfin Ní Wọn Ò Gbọ́dọ̀ Nílé

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1835, ìjọba agbègbè Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ṣe òfin kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ti rìn ní òpópónà Bámgbóṣé ní Èkó rí mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin náà sọ pé ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira kò gbọ́dọ̀ ra ilé, kò gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀. Ó tún bu owó orí lé wọn, kí ìlú lè sú wọn, kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n ti wá.

Ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Salvador lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún yẹn ló fa òfin náà. Àwọn Mùsùlùmí ló ṣáájú rẹ̀, ìparí ààwẹ̀ Ramadan ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá, àwọn tí ará Bahia ń pè ní Nagô. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀tẹ̀ ti parí. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní gbangba, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ sínú ọkọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà. Ẹni tí wọn ò lé, tí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ọ̀tẹ̀, òfin oṣù karùn-ún yẹn ló fi yé e pé ìlú ò fẹ́ òun mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti retí lẹ́tà rí láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ẹ mọ irú nǹkan tí mò ń sọ.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé tí ọ̀rọ̀ Pópó Àgùdà bá délẹ̀, ẹwà ilé ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sọ: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó sìmẹ́ǹtì lára ògiri, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ ère. Ẹnì kan á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram, a ó fi àmì ọkàn pupa sí i, ó parí. Ẹwà náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé wọn ò gbọ́dọ̀ nílé ló kọ́ ilé wọ̀nyẹn, wọ́n sì kọ́ wọn sójú títì níbi tí tọmọdé tàgbà á ti rí i. Lójú tèmi, èsì ni ilé wọ̀nyẹn. Wọ́n fi dá Bahia lóhùn.

Kì í ṣe ọdún 1835 nìkan ni wọ́n dé o. Wọ́n ń dé díẹ̀díẹ̀ títí di ẹ̀yìn 1888 tí Bùràsíìlì fòpin sí oko ẹrú. Àwọn kan ti Kúbà wá; ilé tí wọ́n ń pè ní Cuban Lodge ní òpópónà Ọdúnlámì ò jẹ́ kí a gbàgbé wọn. Ọ̀nà àwọn tó kọ́kọ́ dé kò dán rárá. Èkó ìgbà yẹn ṣì ń ta ẹrú, ẹni tó ti oko ẹrú dé lè tún bá ara rẹ̀ lọ́jà ẹrú. Ẹ̀yìn oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni nǹkan yí padà, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú, tí Kòsọ́kọ́ sá, tí Akítóyè sì padà sórí oyè. Ní 1861, nígbà ayé Dòsùnmú, Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ohun tí ìyẹn ṣe fún ìlú, mi ò ní í yìn ín. Àmọ́ ní tàwọn tó ti Bahia dé, àsìkò yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilẹ̀ gbà tòun tìwé.

Ìlú pín ara rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn Sàró wà ní Olówógbowó, àwọn òyìnbó wà ní Marina, àwọn tó ti Bùràsíìlì àti Kúbà dé wá tẹ̀dó sí agbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1880 fi ń parí, wọ́n ti lé ní 3,000 nínú ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó 40,000. Èkó ń pè wọ́n ní Àmàrò, ó ń pè wọ́n ní Àgùdà. Orúkọ kejì yìí kọjá Èkó. Títí dòní, ẹni tí kò débẹ̀ rí, tó wà ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìṣẹ́yìn, ìjọ Àgùdà ló ń pe ìjọ Kátólíìkì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mùsùlùmí pọ̀ láàárín àwọn Àgùdà gan-an. Àwọn mìíràn nínú wọn lọ sí Àjàṣẹ́ tí ayé ń pè ní Porto-Novo. Ẹ bá mi wo mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni ẹnì kan gbé wá.

Ohun tí wọ́n bá wá sí Èkó ju owó lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, oníṣẹ́ wúrà, alásè. Kí wọ́n tó dé, agbo ilé ni a mọ̀: yàrá yí àgbàlá ká, gbogbo nǹkan kọjú sínú. Àwọn Àgùdà kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó kọjú síta, ìsàlẹ̀ fún ọjà tàbí iṣẹ́, òkè fún ìdílé, pálọ̀ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé. Àwọn ọmọ ìlú rí i, wọ́n ní irú èyí làwọn náà fẹ́, ilé bẹ́ẹ̀ sì tàn kálẹ̀ dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí bàbá bàbá wa kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní 1930, tí a rò pé ilé àbáláyé Yorùbá ni, ọgbọ́n Bahia ló wà nínú rẹ̀.

Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ tó parí ní 1881. Katidírà tó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Ẹni tó fi owó kọ́ ọ, Mohammed Shitta, Sàró ni, ìlú Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó kọ́ ọ, João Baptista da Costa, Àgùdà ni. Ọjọ́ 4 oṣù keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì jókòó síbẹ̀, Abdullah Quilliam ti Liverpool wá ṣojú Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì, ibẹ̀ sì ni Shitta ti gba oyè Bey. Ẹ ronú sí i: Liverpool, ìlú tó fi òwò ẹrú là, ni ẹnì kan ti wá bá wọn ṣí mọ́ṣáláṣí tí ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọ́. Mọ́ṣáláṣí náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀.

Kí n wá sọ̀rọ̀ Ilé Omi ní Kákáwá, nítorí òun ló ń mú mi lọ́kàn jù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé ní nǹkan bí 1840, Bahia ló dàgbà sí, ó sì padà sí Èkó ní nǹkan bí 1870 tòun taya tọmọ. Nígbà tó kọ́lé, ó gbẹ́ kànga sí i, omi kànga náà dára, ó ń tà á fáráàlú. Bí ilé ṣe gba orúkọ nìyẹn. António Olinto, ọmọ Bùràsíìlì tó gbé Èkó lẹ́yìn òmìnira, fi orúkọ yẹn pe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tó jáde ní 1969.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tó bá ta omi tó mọ́ ní ìlú tí ọ̀sà yí ká, tí kànga àti ṣáláńgá jọ ń gbé nínú àgbàlá kan, mi ò lè ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ owó nìkan. Omi ẹ̀rọ láti Ìjù kò tíì dé nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ gbé e wá, tí wọ́n sì ní aráàlú ni yóò san owó rẹ̀, Èkó yarí ní 1908, ó tún yarí ní 1916. Wọ́n ní àwọn ní kànga, òyìnbó tó fẹ́ omi ẹ̀rọ ni kó sanwó rẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tó dùn mọ́ wọn nínú, àmọ́ ẹni tó ti rí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ gbogbo omi ara rẹ̀ tán yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ da Rocha, Moses, lọ kàwé ìṣègùn ní Edinburgh. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cândido, tí wọ́n bí sí Bahia, di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí Èkó kò gbàgbé. Ó gbé ayé títí di 1959.

Ìtàn ìpadàbọ̀ kì í ṣe orin ayọ̀ lásán ṣá. Ní 1899, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Aliança kó àwọn Àgùdà láti Bahia bọ̀ ní Èkó. Àìsàn bẹ́ sílẹ̀ lójú omi, àwọn kan kú, nígbà tí wọ́n sì dé iwájú Èkó, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n sé wọn mọ́nú ọkọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: arúgbó tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú owó ọkọ̀, ó ń wo etí òkun ilé, kò lè débẹ̀. Romana da Conceição, ọmọdébìnrin ni nínú ọkọ̀ yẹn. Ó pẹ́ láyé dé ìgbà tó tún lọ wo Bùràsíìlì ní 1963, ìtàn rẹ̀ sì wà lára ohun tó bí ìwé Olinto. Lásìkò kòrónà, nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa, ìtàn ọkọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ ìlera yìí kan náà ni wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì ń jà fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1928 ni ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ta ló máa sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀? Eku ni, ikú ni. Àmọ́ nígbà tó di 1955, àìsàn ti lọ tipẹ́, àjọ yẹn ṣì wà, ó sì dojú kọ nǹkan bí éékà 70 láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, nítòsí Pópó Àgùdà. Wọ́n ní ilé ibẹ̀ ti há jù, wọ́n ní kò bójú mu fún olú ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì fi ṣe ìwé ní 1961. Ohun tó rí kò ya ẹnikẹ́ni tó mọ Èkó lẹ́nu: oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ìyá àgbà tí ọmọ mẹ́fà máa ń yà kí lójoojúmọ́ wá ń retí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ní ibi iṣẹ́ wa níbí, ìdánìkanwà wà lára ohun tí a máa ń bi arúgbó léèrè, nítorí pé ó ń pani. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn sínú ìṣirò ní 1955.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Ilojo Bar. Ẹ̀gbẹ́ gbàgede Tinúbú ló wà. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855. Ní 1933, ìdílé Ọláìyá rà á, ìdílé Victor Ọláìyá tó fi kàkàkí kọ orin highlife tí àwọn òbí wa jó sí. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tó fi hàn pé òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni òfin yẹn fi dúró sórí bébà, tí òjò ń pa ilé. Lọ́jọ́ Àìkú 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n gbé katapílà dé, wọ́n wó o palẹ̀. Ariwo ta káàkiri ayé. Àwa tí a wà lókè òkun la pariwo jù. A bú ìjọba, a bú ẹbí. Ìbéèrè tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni bi ni pé: láti 1956, ta ló ń rọ́ páànù rẹ̀? Òfin sọ pé kí ẹbí má wó o, òfin ò fún wọn ní kọ́bọ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀. Bí ìjọba bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé èmi lórí, mi ò mọ ọdún mélòó tí màá fi rù ú.

Ní 2023, wọ́n ṣí ilé àṣà Yorùbá John Randle ní Oníkàn, ibi tó rẹwà gan-an. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Pópó Àgùdà. Owó wà fún ilé tuntun tí a ó ti máa wo ohun àtijọ́. Fún ohun àtijọ́ tí èèyàn ṣì ń sùn nínú rẹ̀, owó ò sí.

Àdúgbò náà ò tíì kú o, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ń ké oríkì òkú fún un. Lọ́jọ́ Fúráìdé Rere, fùrèjọ̀n ṣì ń hó lórí iná, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí a fi ń jẹ ẹja. Wọ́n ti ń sè é dé ilé àwọn tí wọn ò mọ̀ pé ọbẹ̀ náà tòkun bọ̀. Kàrétà ṣì ń jáde, àwọn ọmọ Campos àti Láfíàjí ṣì ń múra Fàńtì bí ẹni múra ìyàwó. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjà Balógun ló ni ibẹ̀. Ó ti kún, ó ti ń ya sí gbogbo àdúgbò, ìsàlẹ̀ ilé tí télọ̀ ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń to bélì aṣọ sí dé òrùlé. Yàrá kan fún ọjà ń mú owó wọlé ju yàrá mẹ́ta fún èèyàn lọ. Ohun tó ń lé àwọn Àgùdà jáde kúrò ní Pópó Àgùdà báyìí, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe eku.

Ẹni tó bá sì sọ pé ká fi gbogbo ilé àtijọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó rántí Ìta Fájì, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé alájà mẹ́ta tí ilé ìwé ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Nǹkan bí ogún èèyàn ló kú. Ilé náà kì í ṣe ilé Àgùdà, àmọ́ wọ́n ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o, tí èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ẹwà ò gba ọmọ là lábẹ́ pálapàla sìmẹ́ǹtì.

Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé tiwa. Ìyá ìyá màmá mi ló ni ilé kan nítòsí Bámgbóṣé, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kékeré, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Kò kọ ìwé ìhágún, nítorí náà ilé ẹbí ni, gbogbo wa la ni ín: àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlá nínú wa ní Èkó, àwọn tó kù ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lábẹ́ òfin àti àṣà, olórí ẹbí ò lè dá ilé ẹbí tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ò lè tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé bẹ́ẹ̀ fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tà á. Ìdí náà sì nìyẹn tí páànù rẹ̀ fi ń jò, nítorí ẹni tó bá tún un ṣe, ilé gbogbo èèyàn ló tún ṣe.

Dẹfẹ́lọ́pà kan ti wá bá bùọ̀dá tó jẹ́ olórí ẹbí. Yóò wó ilé náà, yóò kọ́ alájà mẹ́fà fún ọjà, yóò fún wa ní àjà kan, yóò máa gba owó àwọn àjà tó kù fún ọdún mélòó kan kó tó dá wọn padà. Lórí WhatsApp ẹbí, àwọn tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ ní ká má gbà, wọ́n ní ogún ni. Àǹtí mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí òjò ń wọlé bá lórí bẹ́ẹ̀dì, fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní ṣé nínú àwa tí à ń pè é ní ogún, ta ló ti fi owó páànù ránṣẹ́ rí? Ilé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni WhatsApp di fún ọjọ́ méjì.

Ní tèmi, ilé ni mò ń san díẹ̀díẹ̀ ní Leeds, ọdún mẹ́tàlélógún ló kù kó tó di tèmi, mo sì ń ronú nípa obìnrin tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ra ilé ní Bahia, tí òun wá ra ilẹ̀ ní Èkó, tó gba ìwé rẹ̀, tó sì fi owó ẹ̀kọ àti míngàù kọ́lé lé e. Mi ò fẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n wó o. Mi ò sì fẹ́ kó wó lu àǹtí mi.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ pe ẹnjiníà tí kì í ṣe ti dẹfẹ́lọ́pà, kó yẹ ògiri àti pákó òkè wò, kó sọ iye tí yóò ná wa láti tún un ṣe, kí a sì gbé àǹtí lọ sí yàrá tó gbẹ lóṣù yìí. Mo pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò pọ̀, kò tó owó fíìmù àti oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan fún ìdílé níbí. Mo san tèmi àti ti màmá mi. Èèyàn mọ́kànlá ti san báyìí, mẹ́sàn-án nínú wọn ń gbé Èkó. Bùọ̀dá ní tó bá di ìparí oṣù, òun máa dá dẹfẹ́lọ́pà lóhùn.